Èédú àti Ojú Àjèjì

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ilé ìdáná ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ti kọ́kọ́ mọ èédú. Alágbẹ̀dẹ a máa fi í rọ irin, alágbàfọ̀ ayé àtijọ́ a máa kó o sínú áyọ́ọ̀nù, ẹni tí ń sun àgbàdo lẹ́bàá ọ̀nà kò sì lè ṣe aláìní in. Bí ọmọdé bá fọwọ́ kàn án, ìyá rẹ̀ yóò ní kí ó yára lọ ṣan ọwọ́. Ṣùgbọ́n ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn ayàwòrán, èédú yìí kan náà wà lára àwọn ohun èlò tí olùkọ́ máa ń kọ́kọ́ fi lé akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́. Kò wọ́n, kò sì ṣòro láti parẹ́. Ojú ènìyàn ni ó sì jẹ́ ìdánwò tí ó le jù lọ fún ẹni tí ń fi í ṣiṣẹ́, nítorí pé àwọn àgbà ti wí pé ojú ni ọ̀rọ̀ wà.

Bí a bá ń wá ibi tí irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ ti ní ìtumọ̀ ju eré ọwọ́ lásán lọ, kí a yà sí Yeoville. Àdúgbò kan ni èyí, lórí òkè tí ó wà ní ìhà ìlà-oòrùn àárín ìlú Johannesburg ní Gúúsù Áfíríkà. Ní ọdún 1886 ni a rí wúrà ní agbègbè náà, tí ìlú ńlá sì hù láti inú pápá. Nígbà tí ó di ọdún 1890, wọ́n ti pín ilẹ̀ Yeoville fún ilé kíkọ́. Àwọn Júù tí wọ́n ṣí wá láti Yúróòpù pọ̀ níbẹ̀ nígbà kan. Lẹ́yìn náà, òfin ọdún 1950 tí ó pín ilẹ̀ fún ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan jẹ́ kí àdúgbò náà wà fún aláwọ̀ funfun nìkan, àfi bí ènìyàn dúdú bá wá ṣe ọmọ ọ̀dọ̀. Ọdún 1991 ni a fagi lé òfin náà. Láti ìgbà náà wá, ará Kóńgò, ará Zimbabwe, ará Mozambique, ará Kamẹrúùnù àti ọmọ Nàìjíríà ti ń wọ́ lọ síbẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó bá rìn gba òpópónà Rockey yóò gbọ́ èdè púpọ̀ kí ó tó dé ọjà. Ibi tí àjèjì pọ̀ sí ni Yeoville.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wo akẹ́kọ̀ọ́ tí ó gbé pátákó ìyàwòrán rẹ̀ kalẹ̀ níwájú ọ̀kan nínú àwọn àjèjì wọ̀nyí, ì báà ṣe onígbàjámọ̀, ì báà ṣe aránṣọ, ì báà ṣe obìnrin tí ń ta ẹ̀fọ́. Èédú ọwọ́ rẹ̀ kì í ṣe irú èyí tí a fi ń dáná. Ẹ̀ka igi tẹ́ẹ́rẹ́ ni, tí a dé mọ́ inú agolo, tí a sì sun láìjẹ́ kí afẹ́fẹ́ ráyè wọlé, kí ó má baà jó di eérú. Ìwé rẹ̀ kò gbọdọ̀ dán, nítorí èédú kì í dúró lára ohun tí ń dán. Yóò kọ́kọ́ fi ọwọ́ fẹ́rẹ́ fa ìlà orí bí ìrísí ẹyin, lẹ́yìn náà ni yóò wá wá ibi tí ẹyinjú wà.

Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Ẹni tí kò tíì mọ iṣẹ́ a máa gbé ẹyinjú méjèèjì sókè jù, nítorí ó ti gbà lọ́kàn rẹ̀ pé iwájú orí kéré. Bẹ́ẹ̀, bí a bá wọn orí láti àtàrí dé àgbọ̀n, a óò rí i pé àárín gan-an ni ẹyinjú wà. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ yà kọ́ ni ohun tí ó rí. Ohun tí ó ti rò tẹ́lẹ̀ ni ó yà. Olùkọ́ yóò ní kí ó pa á rẹ́, kí ó tún un wò. Ní Yúróòpù ayé àtijọ́, inú búrẹ́dì ni wọ́n fi ń pa èédú rẹ́. Rọ́bà rírọ̀ ni a fi ń ṣe é lónìí. Bí ọ̀sán bá ń rọ̀, ìwé náà lè ti di ohun tí a pa rẹ́ nígbà mẹ́wàá, kí imú tó jókòó sí ibi tí imú wà.

Ìṣòro kejì wà lára àwọ̀. Ọ̀pọ̀ ìwé tí a fi ń kọ́ iṣẹ́ yìí ni ó ti Yúróòpù wá, níbi tí ère funfun ti jẹ́ àwòkọ́ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́. Ọmọ tí ó kọ́ èyí nìkan, nígbà tí ó bá rí ènìyàn dúdú, yóò fi èédú kun gbogbo ojú rẹ̀ pátápátá, ojú náà yóò sì rì sínú òkùnkùn. Bí ó bá fara balẹ̀ wò ó, yóò rí i pé ìmọ́lẹ̀ a máa kọ mànà lórí awọ dúdú: ní iwájú orí, ní gòǹgò imú, ní egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́. Àwọn ibi wọ̀nyí ni yóò fi rọ́bà ṣí sílẹ̀ kí funfun ìwé lè yọ. Nígbà náà ni ojú náà yóò tó jáde, tí yóò sì jẹ́ ojú ẹnì kan ṣoṣo, tí kì í ṣe ti ẹlòmíràn.

Àwọn kan ti wo ojú ènìyàn dúdú ní ìlú yìí rí láìrí i. Òfin ọdún 1952 pa á láṣẹ pé kí àwọn ènìyàn dúdú máa gbé ìwé páàsì kiri, fọ́tò ojú wọn sì wà nínú rẹ̀. Ọlọ́pàá tí ó bá ṣí ìwé náà kò wá ẹni tí ènìyàn jẹ́. Ohun tí ó ń wá ni bóyá ó ní ẹ̀tọ́ láti wà níbi tí ó dúró sí. Ọdún 1986 ni òfin páàsì dópin. Nígbà tí òfin náà le, Dumile Feni, tí a bí ní ọdún 1942, ń fi èédú ya àwọn ènìyàn ní Johannesburg, lórí ìwé ńláńlá, pẹ̀lú ara tí ó lọ́ àti ojú tí ó kún fún ìrora. Àwòrán rẹ̀ tí a ń pè ní African Guernica, ti ọdún 1967, gbajúmọ̀ títí di òní. Ọdún kejì rẹ̀ ni ó fi ìlú sílẹ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó sì kú sí New York ní ọdún 1991 láìpadà délé.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ kò kú. Dumile ti ṣiṣẹ́ rí lọ́dọ̀ Bill Ainslie, ayàwòrán aláwọ̀ funfun kan tí ó ṣí ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ fún dúdú àti funfun. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, William Kentridge, tí a bí ní Johannesburg ní ọdún 1955, kẹ́kọ̀ọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ Ainslie. Láti ọdún 1989 ni òun náà ti ń fi èédú ṣe sinimá: yóò ya àwòrán, yóò gbé e sínú ẹ̀rọ, yóò pa ibì kan rẹ́, yóò tún un yà. Èédú kì í sì í parẹ́ tán. Àpá ohun tí ó ti wà níbẹ̀ a máa hàn lábẹ́ èyí tí ó dé lé e. Ó bá ìlú tí ó ti lé ènìyàn púpọ̀ kúrò nílé wọn mu.

Bí ó bá wá jẹ́ pé ọmọ Yorùbá ni ó jókòó níwájú akẹ́kọ̀ọ́ náà, kí ó má rò pé iṣẹ́ òyìnbó ni wọ́n ń ṣe fún òun. Àwọn baba ńlá rẹ̀ ní Ifẹ̀ ti fi idẹ rọ orí àwọn ọba ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, tí ètè àti ìpéǹpéjú fi jọ ti alààyè. Nígbà tí Frobenius, ará Jámánì, rí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1910, kò gbà pé ènìyàn dúdú ni ó dá a. Ó ní àwọn ará Atlantis inú ìtàn ni. Síbẹ̀, ní ọdún 1906, Aina Onabolu, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, ti ya àwòrán Ìyáàfin Spencer Savage ní Èkó láìní olùkọ́. Ọdún 1920 ni ó tó lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí ó padà dé ní ọdún 1922, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé Èkó ní iṣẹ́ náà. Sí àwọn tí ń sọ pé ọmọ Áfíríkà kò lè ya ojú kí ó jọ olójú, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni ó fi dáhùn.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2008, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Alexandra, ní Johannesburg kan náà, wọ́n sì ń lé àwọn àjèjì láti àdúgbò dé àdúgbò. Ó lé ní 60 ènìyàn tí ó kú, àwọn ọmọ Gúúsù Áfíríkà gan-an sì wà lára wọn. Àwọn tí ó pa wọ́n kò wo ojú ẹnikẹ́ni dé ibi tí wọn ìbá fi mọ ẹni tí ó jẹ́. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àlejò lójú, kò fi ríran. Ó jọ pé onílé náà lè ní ojú, kí ó má fi ríran.

Àwòrán èédú kò lè dá àgbájọ onígi dúró lójú pópó, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ tan akẹ́kọ̀ọ́ jẹ pé ó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó lè ṣe kéré sí ìyẹn. Ó lè mú ọ̀dọ́ kan jókòó fún wákàtí méjì níwájú aránṣọ tí kò mọ èdè rẹ̀, kí ó sì máa pa èrò tí ó ti ní tẹ́lẹ̀ rẹ́ díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi ku ohun tí ojú rẹ̀ rí. Nígbà tí ó bá parí, yóò fọ́n omi ìmúdúró sí i kí èédú má baà bọ́, yóò sì yí pátákó náà sí ẹni tí ó yà. Aránṣọ náà yóò wò ó fún ìgbà díẹ̀, yóò mọ̀ pé òun ni, yóò sì dìde padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀.