Ilé Kòkó: Láti Aṣéjire dé Dùgbẹ̀

Bí a bá ti Ìkìrè tàbí Apòmù ń bọ̀ wá sí Ìbàdàn, a óò dé Aṣéjire, níbi tí a gbé sé odò Ọ̀ṣun, tí omi rẹ̀ tẹ́ rẹrẹ bí ọ̀sà, tí a sì ń fà á lọ fún àwọn ará Ìbàdàn láti máa mu. Ṣùgbọ́n kí a tó sé odò náà rárá ni ohun mìíràn ti ń ti ìhà ibẹ̀ lọ sí Ìbàdàn, èyíinì ni kòkó.

Ẹni tí ó bá fẹ́ rí ohun tí kòkó náà dà, kí ó lọ dúró ní Dùgbẹ̀, kí ó sì gbé ojú sókè. Ilé Kòkó ni yóò rí, èyí tí a kọ́kọ́ ń pè ní Ilé Àwọn Àgbẹ̀. Ọdún 1965 ni a parí rẹ̀. Kọnkéré tí a fi irin há nínú ni a fi kọ́ ọ. Àjà 26 ni ó ní, gíga rẹ̀ sì jẹ́ mítà 105. Nígbà náà, a máa ń yìn ín pé kò sí ilé tí ó ga tó o ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà.

Ògo gíga kì í pẹ́. Ní 1979 ni a parí ilé NECOM ní Èkó, mítà 160; ní 2010 ni a sì ṣí Burj Khalifa ní Dubai, mítà 828, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó Ilé Kòkó lọ́nà mẹ́jọ.

Ṣùgbọ́n owó ta ni a fi kọ́ ti Ìbàdàn? Ní ayé ìgbà náà, àjọ ìjọba ni ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀ ní iye tí ó kéré sí ti ọjà àgbáyé, èrè tí ó ṣẹ́ kù ni a sì fi ń ṣe iṣẹ́ ìlú. Nítorí náà, bàbá àgbẹ̀ tí kò gun àtẹ̀gùn ilé náà rí ní ìpín nínú rẹ̀.

Iná jó ilé náà ní ọjọ́ 9 oṣù January, 1985. A tún un ṣe, a sì ṣí i padà ní 1992. Bí ẹ̀yin òbí bá mú ọmọ yín kọjá níbẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó ka àjà nìkan. Ẹ wí fún un pé àdá àti agbọ̀n àwọn àgbẹ̀ ni ó gbé ilé náà ró, kí ó má bàa fi ojú tín-ín-rín wo ẹni tí ń ti oko bọ̀.