Àjíǹde Lórí Fóònù

Ẹni tó bá dàgbà nínú ìjọ Áńgílíkà nílẹ̀ Yorùbá mọ̀ pé ọdún Àjíǹde kì í ṣe ọdún ọjọ́ kan. Àwẹ̀ Lẹ́ńtì la ó kọ́kọ́ gbà fún ogójì ọjọ́. Ọjọ́ Ọ̀pẹ á dé, àwọn ọmọdé á máa fi imọ̀ ọ̀pẹ na ara wọn ní kété tí ìsìn bá parí. Tó bá di Ọjọ́ Ẹtì Rere, gbogbo ìjọ á wọ dúdú, àwọn ìyá á jókòó láti aago méjìlá ọ̀sán títí di aago mẹ́ta, omi ò ní kan ẹnu wọn. Lẹ́yìn náà ni Àìkú Àjíǹde, pẹ̀lú aṣọ funfun, ìlù àti ìdúpẹ́. Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e là ń pè ní Gálílì: ìrẹsì nínú kúlà, mọ́ínmọ́ín, bọ́ọ̀sì tí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ háyà, a ti forí lé etí òkun nìyẹn. Ẹlòmíì ò mọ ibi tí Gálílì wà nínú Bíbélì o, ṣùgbọ́n kò jẹ́ pa á jẹ.

Ní ọdún 2020, ọjọ́ 12 oṣù kẹrin ni Àjíǹde bọ́ sí. Ọjọ́ 27 oṣù kejì ni wọ́n ti rí ẹni àkọ́kọ́ tó ní kòrónà ní Nàìjíríà, l'Ékòó níbí. Nígbà tó fi di aago mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù kẹta, ìjọba àpapọ̀ ti ti Èkó, Ògùn àti Abuja pa. Kónílé-ó-gbélé. Gbogbo Ọ̀sẹ̀ Mímọ́, inú ilé ló bá wa.

Àwa mẹ́rin la máa ń wà nídìí ẹ̀rọ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ní ìhà Ìpájà. Méjì nínú wa ń kọ kóòdù jẹun, ẹnì kan ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, ẹnì kan ṣì wà ní yunifásítì. Iṣẹ́ wa kò ju ká tan gbohùngbohùn, ká gbé orin sójú pátákó, ká sì sá sẹ́yìn nígbà tí ẹ̀rọ bá hu. Fíkà pè wá lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ kọ̀ǹpútà, ọwọ́ yín ló kù sí o."

Gbígbé ìsìn sórí Facebook kò le. Pálọ̀ ilé Fíkà di ilé ìsìn, ìyàwó wọn di kamẹramáànù, ọmọkùnrin tó ń tẹ dùùrù sì ń gbé inú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì tẹ́lẹ̀. Àwa wà nílé wa lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, à ń darí wọn lórí WhatsApp: Mọ́mì, ẹ gbé e sókè díẹ̀; Mọ́mì, ìka yín wà lójú rẹ̀. Ní Ọjọ́ Ọ̀pẹ, àwọn tó wò ó pọ̀. A rí ọmọ ìjọ tó ti kó lọ sí Peckham láti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, a rí àwọn tó wà ní Houston tí wọ́n dìde láàárọ̀ kùtùkùtù, wọ́n ń tẹ ọwọ́ àdúrà ránṣẹ́. Inú wa dùn.

Ṣùgbọ́n nígbà tí a ka orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan lálẹ́ (iṣẹ́ wa ni, a kì í lè fi nọ́ńbà sílẹ̀ láìwo inú rẹ̀), a rí i pé àwọn tó máa ń jókòó ní bẹ́ńṣì mẹ́ta àkọ́kọ́ kò sí níbẹ̀ rárá. Àwọn ìyá àti bàbá tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tí wọn kì í pa Ìsìn Òwúrọ̀ jẹ bí òjò ń rọ̀ bí oòrùn ń ràn. Fóònù tọ́ọ̀ṣì ló wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Àwọn tó tiẹ̀ ní fóònù ńlá, ọmọ ló rà á fún wọn, ọmọ náà ló ń ra dátà sí i, ọmọ náà sì wà ní Lẹ́kí, kò lè jáde.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò. Fídíò tó mọ́ níwọ̀nba á jẹ dátà tó ìdajì gígábáìtì láàárín wákàtí kan. Ohùn lásán, tí a bá fún un pọ̀ dé kílóbíìtì 16 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, kò tó mẹ́gábáìtì 8 fún wákàtí kan náà. Nítorí náà a ń gé ohùn ìsìn, à ń fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp lọ́sàn-án Àìkú. Èyí ran àwọn tó ní fóònù ńlá tí kò ní dátà lọ́wọ́. Àwọn tó ní fóònù tọ́ọ̀ṣì ńkọ́?

A ti dán Zoom náà wò ní àárín ọ̀sẹ̀. Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká sọ ọ́ tán. Orin Áńgílíkà kì í ṣe orin anìkandákọ. Ohùn mẹ́rin ni, gbogbo ìjọ ló ń kọ ọ́. Kí ẹnu méjì tó lè kọrin pọ̀, ohùn ẹnì kìíní gbọ́dọ̀ dé etí ẹnì kejì láàárín nǹkan bíi mílísẹ́kọ́ǹdì 30. Láti Ìpájà lọ sọ́dọ̀ kọ̀ǹpútà tó wà nílẹ̀ òkèèrè, kó tó padà wá sí Agége, ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún. Zoom sì tún máa ń rẹ ohùn àwọn yòókù sílẹ̀ tí ẹnì kan bá ń sọ̀rọ̀, torí ìpàdé ni wọ́n ṣe é fún, wọn ò ṣe é fún ìjọ tó ń dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí a gbọ́ lọ́jọ́ náà dà bí ọjà Ọ̀yìngbò nígbà tí òjò bá ṣàdédé dé. Wọ́dìn kan béèrè pé ta ló ń ha nǹkan nínú ilé wọn.

Ojútùú tí a rí kò ní kóòdù kankan nínú. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù lásán máa ń gbà kí èèyàn kan so èèyàn márùn-ún mìíràn pọ̀ sórí ìpè kan. Àwa mẹ́rin, márùn-ún márùn-ún: ogún. A gba orúkọ lọ́wọ́ ìyá ìjọ, a gba nọ́ńbà, a pín in. Tí aago mẹ́sàn-án bá ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, a ó bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, a ó gbé fóònù náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà tó ń gbé ìsìn jáde, a ó sì fún ohùn rẹ̀ sókè. Káàdì wákàtí kan fún èèyàn márùn-ún kì í ṣe kékeré o, ṣùgbọ́n àwọn ará Peckham gbọ́, wọ́n sì fowó ránṣẹ́.

Ohun tí a ò retí ni pé wọ́n máa dáhùn. Lórí Facebook, èèyàn á tẹ "Àmín" kó máa lọ. Àwọn wọ̀nyí ń dìde dúró nínú yàrá wọn nígbà tí a bá kan Ìgbàgbọ́. A ń gbọ́ bí àga ṣe ń dún. Wọ́n ń ka Sáàmù tiwọn láti inú Ìwé Àdúrà, ẹnì kan ṣáájú, ẹnì kan kù sẹ́yìn, adìyẹ ń ké nílé ẹnì kẹta. Bí Zoom ṣe dàrú náà ni èyí dàrú, àmọ́ kò sẹ́ni tó bínú. Nígbà tí ìsìn bá parí, wọn kì í gbé fóònù sílẹ̀. "Ìyá Ìbejì, ṣé ẹ wà níbẹ̀?" "Mo wà ńbí o, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi ló ti tán." Báyìí la ṣe ń mọ ẹni tí a ó wá kẹ́mísítì fún.

Òru Àjíǹde gan-an, a ò sùn. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìhà Agége, Ìyànà-Ìpájà àti Alágbàdo ní àkókò náà kò ní gbàgbé: òkìkí kàn pé àwọn ọmọ tó ń pe ara wọn ní One Million Boys ń bọ̀ wá jalè. Àwọn ọkùnrin àdúgbò dáná sun táyà ní ìkóríta, wọ́n gbé àdá, gbé igi, wọ́n ń fọn fèrè. Ìṣọ́ òru Àjíǹde wà nínú àṣà ṣọ́ọ̀ṣì láti ayébáyé, ṣùgbọ́n irú èyí kọ́ o jàre. Pẹ̀lú èéfín táyà nímú la fi tan kọ̀ǹpútà láàárọ̀. Ogún nọ́ńbà, ogún ló gbé e. Ẹnì kan tiẹ̀ ti ń dúró dè wá, ó ní kí ló dé tí a pẹ́, aago mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá.

Ní Àìkú yẹn kan náà, Justin Welby, Bíṣọ́ọ̀bù àgbà Canterbury, ṣe ìsìn Àjíǹde tirẹ̀ láti inú ilé ìdáná rẹ̀ ní Lambeth. A sọ fún àwọn àgbà lórí ìpè. Nínú ilé ìdáná kẹ̀? Ìlú Canterbury tí wọ́n ti fi Àjàyí Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní ọdún 1864? Bàbá kan ní tó bá jẹ́ pé ìkòkò ò sí lórí iná, kò burú.

Ọ̀rọ̀ tó le jù ni ti Ìdàpọ̀ Mímọ́. Èèyàn lè gbọ́ ìwàásù lórí fóònù; búrẹ́dì àti wáìnì ńkọ́? Àwa mẹ́rin pín sí méjì méjì lórí rẹ̀. Àwọn méjì ní kí oníkálukú gbé búrẹ́dì tirẹ̀ síwájú ẹ̀rọ, kí Fíkà súre sí i láti ibi tí wọ́n wà. Ọlọ́run tó gbọ́ àdúrà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò ní sọ pé òun ò rí búrẹ́dì. Àwọn méjì yòókù ní rárá, tábìlì kan ni, ìjọ kan ni, a ò lè gé e sí wẹ́wẹ́ bíi fáìlì. Fíkà kò gbà. Wọ́n ṣí Ìwé Àdúrà sí ibi tó sọ nípa ìdàpọ̀ àwọn aláìsàn, níbi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé ẹni tí ìdènà kan kò jẹ́ kó gba ara àti ẹ̀jẹ̀ Kírísítì, tó bá ronú pìwà dà tó sì gbàgbọ́, ó ti jẹ ẹ́ nínú ọkàn rẹ̀, bí kò tilẹ̀ fi ẹnu jẹ ẹ́.

A ka ìyẹn fún àwọn àgbà lórí ìpè. Gbogbo wọn dákẹ́. Màmá kan tó jẹ́ ẹni ọdún 81 ló wá sọ̀rọ̀: "Mo gbọ́, ọmọ mi. Àmọ́ ṣé ẹ̀yin lè fi ọkàn jẹ iyán ni?"

A ò rí ìdáhùn kankan fún wọn, a ò sì rò pé ìdáhùn wà. Èyí tó wà nínú ìwé náà dára fún aláìsàn tó ń dùbúlẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá yìí kò ṣàìsàn. Ẹsẹ̀ wọn gbé wọn, ṣọ́ọ̀ṣì kò ju òpópónà méjì lọ sí ilé wọn, wọ́n sì ti kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ kan náà láti ìgbà tí wọ́n ti fi ọkọ fún wọn níbẹ̀. Àwọn ilé kan nínú ìjọ ṣe tiwọn níkọ̀kọ̀ pẹ̀lú búrẹ́dì Agége àti Ribena, a mọ̀ wọ́n, a ò sọ fún Fíkà. Màmá ní àwọn ò ní ṣe irú ìyẹn. Wọ́n á dúró.

Kò sí Gálílì. Lálẹ́ ọjọ́ Ajé náà ni Ààrẹ Buhari fi ọjọ́ 14 kún kónílé-ó-gbélé. Àwọn Àìkú tó kù tẹ̀ lé ara wọn, a ò tiẹ̀ rántí ìwàásù kankan nínú wọn mọ́. Ohun tí a rántí ni pé ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Ìgòkè Re Ọ̀run, a pe nọ́ńbà kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ọmọ ni ó gbé e nígbẹ̀yìn, ó ní Bàbá ti sùn. Kì í ṣe kòrónà, ọjọ́ ogbó ni. Ẹni tó ti jẹ́ wọ́dìn rí, ẹni tó yẹ kí akọrin mẹ́ta kọrin sin, èèyàn díẹ̀ báyìí pẹ̀lú ìbòmú ló sin ín. A gbé ìsìnkú náà sórí ìpè. Àwọn mọ́kàndínlógún yòókù fi ohùn wọn tó ti gbó kọrin fún un, kò bára mu, ó sì gùn.

Fíkà ní ká fi ẹlòmíì sí àyè Bàbá, torí àwọn kan ń dúró. Àwọn mẹ́rin tó wà lórí ìpè kan náà pẹ̀lú rẹ̀ kò kọ́kọ́ fẹ́. A fi àyè náà sílẹ̀ títí di Pẹ́ńtíkọ́sì, ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún, lẹ́yìn náà la so ìyá kan láti ẹgbẹ́ àwọn opó mọ́ ọn.

Oṣù kẹjọ ni ìjọba Èkó tó ṣí ṣọ́ọ̀ṣì padà. Ọjọ́ 9, Àìkú ni: omi àti ọṣẹ lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀rọ tó ń wọn ìgbóná ara, ìdajì ìjókòó. Ìmọ̀ràn ìjọba sì ni pé kí àwọn tó ti lé ní ọdún 65 ṣì jókòó sílé. Bẹ́ńṣì mẹ́ta àkọ́kọ́ ṣófo. Ní àkókò Ìdàpọ̀, àwa mẹ́rin tò lọ síwájú pẹ̀lú fóònù nínú àpò wa, ìpè náà ṣì ń lọ. Lọ́sàn-án, Fíkà gbé àpótí kékeré tí wọ́n máa ń gbé lọ sọ́dọ̀ aláìsàn, wọ́n wọ ìbòmú, wọ́n fẹsẹ̀ rìn la òpópónà méjì já. Wọ́n ní Màmá ti tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì láti aago mẹ́sàn-án.