Mofìyìnfólúwa: Orúkọ Tí Kò Wù Mí

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta tí ìyàwó àbúrò mi bímọ, àbúrò mi fi orúkọ kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp pé kí n bá òun fi àmì ohùn sí i, nítorí wọ́n fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé ètò ìsọmọlórúkọ. Èmi tí mo kẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ní yunifásítì ni alámì ohùn gbogbo ẹbí. Mo ṣí i, mo kà á: Mofiyinfoluwa. Mo fi àmì sí i, mo dá a padà, mo sì gbé fóònù sílẹ̀. Inú mi kò dùn.

Ta ni yóò sọ pé fífi ìyìn fún Olúwa burú? Ohun tó ń dùn mí ni pé mo ti mọ Fìyìn mẹ́rin láàárín ọdún méjì, mo mọ Tìmílẹ́yìn mẹ́fà, Démiládé kò sì lóǹkà mọ́. Bí ọ̀rẹ́ mi kan bá ti lóyún, èmi ni yóò bẹ̀ pé kí n wá orúkọ tí kò wọ́pọ̀ fún òun. Bí mo bá wá a tán, Ireolúwa tàbí Tanítolúwa ni yóò mú. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi tí ẹ ń ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.

Mo mọ̀ pé orúkọ tó ń lọ lóde kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, Bùkọ́lá mẹ́ta ló wà ní kíláàsì wa: Bùkọ́lá Gíga, Bùkọ́lá Pupa, àti èmi, Bùkọ́lá Kékeré. D. O. Fágúnwà pàápàá, Oròwọlé ni wọ́n sọ ọ́ nígbà tí wọ́n bí i ní Òkè-Igbó ní 1903. Nígbà tó yá, Ọlọ́runfẹ́mi ló rọ́pò rẹ̀. (Ifá kò kúkú kúrò nínú orúkọ bàbá rẹ̀.) Ṣùgbọ́n Orò tó wọlé yẹn, ilé kan pàtó ló wọ̀. Bí a bá gbọ́ Àyándélé, a mọ̀ pé ìlù wà ní ilé bàbá ẹni náà. Bí a bá gbọ́ Kòkúmọ́, a mọ̀ pé ìyá rẹ̀ ti sunkún rí. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, ya orúkọ wa sí ọ̀nà mẹ́ta: àmútọ̀runwá, àbísọ àti oríkì. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àbísọ nìkan ni à ń rà lónìí, irú kan náà ni gbogbo wa sì ń rà.

Ọmọ tí à ń wí yìí, ó mú orúkọ tirẹ̀ wá láti ọ̀run. Ó gbé ìwọ́ kọ́rùn wáyé. Bí ó bá jẹ́ ọkùnrin ni, Òjó ni. Obìnrin ni, nítorí náà Àìná ni. Dídojúbolẹ̀ wáyé ló sọ Crowther di Àjàyí, ìrìbọmi ọdún 1825 tó fún un ní Samuel kò sì gba Àjàyí lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo pe àbúrò mi. "Kí ló dé tí kò sí Àìná nínú orúkọ ọmọ yìí?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Àǹtí mi, Àìná kẹ̀? Orúkọ ìyá àgbà nìyẹn."

Inú bí mi. Mo sọ̀rọ̀ púpọ̀ lọ́jọ́ náà. Mo ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n fóònù ni àwọn ń wò. Mo ní bí wọ́n bá pe Fìyìn ní ọjà Bódìjà, ogún ọmọ ni yóò dáhùn. N kò mọ̀ pé ó ti ṣí fóònù sílẹ̀ kí gbogbo ilé lè gbọ́, àti pé ìyàwó wa jókòó tì í.

Nígbà tí mo dé Ìbàdàn ní ọjọ́ keje, mo bá a nínú yàrá, ó ń fún ọmọ lọ́mú. Mo kí i kú ewu ọmọ. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní:

"Àǹtí mi, ẹ má bínú. Mo mọ̀ pé Àìná lorúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fà á jáde, kò ké. Ara rẹ̀ dúdú bí aró. Wọ́n ń gbá a lẹ́sẹ̀, wọ́n ń gbá a nídìí, mo ń gbọ́ ìró aago ara ògiri. Bí ẹ̀yin bá gbọ́ Àìná, orúkọ ni ẹ gbọ́. Èmi, aago yẹn ni mo ń gbọ́. Ẹ̀ẹ̀melòó ni n ó máa gbọ́ ọ lóòjọ́? Nígbà tó ké, ohun tó jáde lẹ́nu mi náà ni mo sọ ọ́."

N kò rí ọ̀rọ̀ fi fèsì. Gbogbo ohun tí mo ti kà lórí orúkọ, ọmọ ni wọ́n wò, ilé ni wọ́n wò. N kò rántí èyí tó wo ẹni tí yóò máa pe orúkọ náà lóru. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni mo sì fi ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé Fìyìn kò sọ ìtàn ilé kankan.

Síbẹ̀, ẹ má rò pé orúkọ náà ti wá dùn mọ́ mi. Ìtàn tó wà nínú rẹ̀, ìyá ọmọ náà nìkan ló mọ̀ ọ́n. Bí ó bá jáde sí ìta, yóò dàpọ̀ mọ́ àwọn Fìyìn ìyókù, kò sì sí ẹni tí yóò béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bí i. Àìná kò nílò alálàyé. Èrò mi nìyẹn, n kò tíì yí i padà.

Ní ọjọ́ kẹjọ, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi oyin àti iyọ̀ kan ọmọ lẹ́nu, wọ́n gbé abọ́ omi sílẹ̀ kí ẹbí máa sọ owó sí i, kí kálukú sì sọ ọmọ ní orúkọ tirẹ̀. Nígbà tó kàn mí, Àìná wà lórí ahọ́n mi, ẹgbẹ̀rún méjì náírà wà lọ́wọ́ mi. Mo wo ìyàwó wa. Kò wò mí. Ọmọ ló ń wò, ó sì di ìka rẹ̀ mú. Mo ju owó sínú abọ́, mo ní, "Àbẹ̀kẹ́." Ọmọ tí a bẹ̀ kí a tó rí i kẹ́.

Ó gbójú sókè. "Ẹ ṣé, Àǹtí mi."

Ọmọ náà ti pé ọdún méjì báyìí. Fìyìn mẹ́ta ló wà níbi tí wọ́n ń gbé e lọ kí ìyá rẹ̀ tó lọ síbi iṣẹ́. Àwọn tó ń tọ́jú wọn kò mọ èwo lèwo mọ́, wọ́n sì ní kí òbí kọ̀ọ̀kan mú orúkọ mìíràn wá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá rẹ̀ pè mí, ó ní kí n bá òun fi àmì ohùn sí Àbẹ̀kẹ́.