Ta Ló Darí Fíìmù Aiyé? Ẹjọ́ Tí Mo Jẹ̀bi Rẹ̀ ní Àgbowó

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ìṣèlú sinmi díẹ̀ lónìí. Ọ̀rọ̀ fíìmù ni mo gbé wá, ọ̀rọ̀ ara mi sì ni pẹ̀lú, nítorí pé èmi gan-an ni olùjẹ́jọ́ nínú rẹ̀.

Ní ọjọ́ Sátidé, ogúnjọ́ oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ni wọ́n pín àmì-ẹ̀yẹ AMVCA ní Èkó, tí Àníkúlápó, fíìmù tí Kúnlé Afọláyan darí, sì gba ipò fíìmù tó peregedé jù lọ. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀lé e, mo lọ gẹ irun ní Àgbowó, ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tí kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà Yunifásítì Ìbàdàn. Ẹni tó bá mọ Àgbowó yóò mọ irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀: àga méjì, dígí ńlá kan, jẹnẹrétọ̀ tó ń pariwo lẹ́yìn ilé, àti bẹ́ǹṣì gígùn kan tí ẹni tó fẹ́ gẹrun kì í sábà rí àyè lórí rẹ̀, nítorí pé àwọn tí kò fẹ́ gẹ ohunkóhun ti kún un.

Ẹni tó bá gbọ́ ariwo wọn láti òde yóò rò pé bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń jà lé lórí. Akẹ́kọ̀ọ́ méjì ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọmọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe ní ìsọ̀ kejì, àti bàbá àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọba, tó ń ka ìwé ìròyìn ọlọ́jọ́ mẹ́ta. Ẹnì kan bi ẹnì kejì pé ta ló gba àmì-ẹ̀yẹ òṣèrékùnrin tó peregedé jù lọ lọ́dún náà. Kó tó parí ìbéèrè ni wọ́n ti dá a lóhùn pé Tobi Bakre ni, nínú Brotherhood. Ọdún wo ni wọ́n lé Lionheart kúrò nínú ìdíje Oscar? Ọdún 2019. Kí ló fà á? Gẹ̀ẹ́sì ló pọ̀ jù nínú fíìmù tí a fi díje gẹ́gẹ́ bí fíìmù èdè àjèjì. Gbogbo èdè Ìgbò inú rẹ̀ kò ju bí ìṣẹ́jú 11 lọ. Fíìmù Nàìjíríà wo ló ti gba ẹṣin wúrà FESPACO ní Ouagadougou? Ezra, ti Newton Aduaka, ní ọdún 2007. Mo jókòó jẹ́ẹ́. Àwọn ọmọ yìí mọ̀ ọ́n débi pé ẹ̀rù bà mí.

Nígbà tí wọ́n dé orí ọ̀rọ̀ ọdún 2022, inú bí gbogbo ilé. Fíìmù mẹ́ta ni wọ́n gbé síwájú ìgbìmọ̀ tó ń yan fíìmù Nàìjíríà fún Oscar lọ́dún náà: Àníkúlápó, King of Thieves àti Elesin Oba. Yorùbá ni wọ́n ń sọ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìgbìmọ̀ náà dìbò, wọ́n ní kò sí èyí tó kún ojú òṣùwọ̀n. Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ní ohun tó dun òun jù ni ti Biyi Bandele, tó darí Elesin Oba, tó sì kú ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, kí wọ́n tó ṣàfihàn iṣẹ́ rẹ̀ ní Toronto. Báábà dá ẹ̀rọ ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí àgbárí mi kí ó tó kẹ́dùn tán.

Ẹnu wá ń yún èmi náà. Iṣẹ́ ìròyìn ni mo ṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún, kì í ṣe àwọn ọmọ kékeré ni yóò fi fíìmù halẹ̀ mọ́ mi. Mo ní kí wọ́n dárúkọ fíìmù kan tí òǹkọ̀wé kan àti ọmọ ẹni tó sọ ìwé òǹkọ̀wé náà di fíìmù ti jọ ṣeré pọ̀. Wọ́n dákẹ́. Mo ní Ṣaworoidẹ ni, ti Túndé Kèlání, ní 1999. Adébáyọ̀ Fálétí wà níbẹ̀; Kúnlé Afọláyan, tó ṣe Arẹ́sẹ̀jàbàtà, wà níbẹ̀. Bàbá Kúnlé, Adéyẹmí Afọláyan tí gbogbo ayé mọ̀ sí Adé Love, ló gbé Ìjà Òmìnira jáde ní 1979 láti inú ìwé Fálétí, Ọmọ Olókùn Ẹṣin. Wọ́n hó yèè. Orí mi wú, mo sì rò pé ọjọ́ náà ti di tèmi.

Ìgbà yẹn ni bàbá àgbà ká ìwé ìròyìn rẹ̀.

"Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n tó báyìí, ta ló darí Aiyé?"

Ògúndé ni gbogbo wọn pariwo lẹ́ẹ̀kan náà. Bàbá mirí. Ó ní Ọlá Balógun ni.

"Ẹ má bínú, Bàbá," akẹ́kọ̀ọ́ tó ga jù fèsì. "Ògúndé ló ni Aiyé. Òun ló kọ ọ́, òun náà ló ṣe babaláwo inú rẹ̀."

"Èmi ò bi ọ́ pé ta ló ni ín. Mo ní ta ló darí rẹ̀? Mo wo fíìmù yẹn nígbà tí wọ́n gbé e wá sí Ìbàdàn, mo sì rí orúkọ náà lójú aṣọ funfun."

Kí n tó mira, wọ́n ti fi owó lélẹ̀, ẹgbẹ̀rún kọ̀ọ̀kan náírà, báábà sì fi sábẹ́ ìgò ẹ̀fun. Ọmọ náà fa fóònù yọ. Kò pẹ́ tó fi rí ẹ̀rí rẹ̀: àwòrán ojú ìwé ìròyìn kan tí ẹnì kan yà sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó kà á sókè ketekete: "Ohun Mẹ́wàá Tí Ẹ Kò Mọ̀ Nípa Fíìmù Yorùbá." Ohun keje: Hubert Ògúndé ló darí Aiyé fúnra rẹ̀, láìsí olùrànlọ́wọ́ kankan. Ó na fóònù náà sí Bàbá, ó tún nà á sí mi kí n lè ṣẹlẹ́rìí. Nísàlẹ̀ àkọlé náà ni mo ti rí orúkọ mi, àti àwòrán mi kékeré, nígbà tí irun ṣì pọ̀ lórí mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Oṣù Kẹrin ọdún 2010 ni. Àràròmírè, tí wọ́n tún ń pè ní The Figurine, ṣẹ̀ṣẹ̀ gba àmì-ẹ̀yẹ márùn-ún ní AMAA ni, Kúnlé Afọláyan sì gba ẹnu gbogbo ènìyàn. Olóòtú wa ní kí n kọ ìtàn tó kún ojú ìwé kan nípa rẹ̀ àti bàbá rẹ̀, kí n fi àpótí kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fún ìgbádùn òǹkàwé. Mo lo ọjọ́ mẹ́rin lórí ìtàn náà. Àpótí yẹn, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kọ́ ni mo lò. Ohun tí mo gbọ́ láti kékeré ni mo kọ. Ọdún tí wọ́n bí mi ni Aiyé jáde, orúkọ kan ṣoṣo ni mo sì mọ̀ mọ́ ọn.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ìyá kan tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ olùkọ́ kọ lẹ́tà alọ́wọ́kọ sí ilé iṣẹ́ wa. Ó fi ìwà pẹ̀lẹ́ ṣàlàyé pé mo ṣìnà. Mo gbé e tọ olóòtú lọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní bí a bá ní ká máa tọrọ àforíjì lórí ọ̀rọ̀ eré, ojú ìwé wo ni a óò fi gbé ìròyìn? N kò bá a jiyàn. Mo ti lẹ́tà náà sínú dúrọ́ọ̀. Nígbà tí mo fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, n kò mú un dání. Àwọn àgbà ní bí irọ́ lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi ti lọ fún mẹ́tàlá.

Mo sọ fún wọn níbẹ̀ pé èmi ni mo kọ ọ́, pé irọ́ ni, àti pé Bàbá ló jàre. Ọmọ náà wo àwòrán, ó wo ojú mi, ó tún wo àwòrán. Bàbá ka ẹgbẹ̀rún méjì náà lẹ́ẹ̀mejì, ó fi sápò, kò sì bù kan ẹnikẹ́ni.

Ohun tó dùn mí kọjá ìtìjú. Ẹ wo iṣẹ́ ọkùnrin yìí. Ọlá Balógun, tí wọ́n bí ní Aba ní 1945, tó kọ́ iṣẹ́ fíìmù ní Paris, ló darí Àjàní Ògún ní 1976, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní fíìmù gígùn àkọ́kọ́ lédè Yorùbá, Adé Love sì ni akọni inú rẹ̀. Òun náà ló darí Ìjà Òmìnira, òun ló darí Aiyé, òun ló darí Ọ̀run Móoru fún Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá, ní 1982. Ọ̀gá onítíátà mẹ́ta, olùdarí kan ṣoṣo. Bí AMAA bá ti wà nígbà náà, àwọn ọmọ Àgbowó ì bá máa ka orúkọ rẹ̀ bí wọ́n ti ń ka ti Afọláyan. Ṣùgbọ́n ọdún 2005 ni AMAA bẹ̀rẹ̀, AMVCA ní 2013. Ohun tó ṣáájú wọn kò sí nínú ìwé tí àwọn ọmọ yìí ń há sórí.

N kò dá wọn lẹ́bi, bẹ́ẹ̀ ni n kò dá Ògúndé lẹ́bi. Nínú ẹgbẹ́ alárìnjó, ọ̀gá ni gbogbo nǹkan: òun ló kọ eré, òun ló kọ orin, òun ló ni mọ́tò, orúkọ rẹ̀ ló wà lára ògiri. Ta ni yóò bèèrè ẹni tó dúró lẹ́yìn kámẹ́rà? Nígbà tí Ògúndé fẹ́ ṣe Jáiyésinmi ní 1980, Freddie Goode ni wọ́n jọ darí rẹ̀. Adé Love náà darí Kádàrá fúnra rẹ̀ lọ́dún kan náà. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọn fíìmù wọ̀nyí, ó yẹ kí a lè fi ojú ara wa wò ó. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Àwọn ọ̀gá wọ̀nyí kì í fi fíìmù wọn sílẹ̀ sọ́wọ́ onísinimá nítorí olè. Àwọn fúnra wọn ló ń gbé e kiri láti gbọ̀ngàn dé gbọ̀ngàn. Òkè òkun ni wọ́n sì ti ń fọ̀ ọ́. Nígbà tí wọ́n kú tán, ta ló mọ ibi tí ògidì ẹ̀dà wà? Shaihu Umar, fíìmù Hausa tí Adamu Halilu ṣe ní 1976, ọdún 2016 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i ní ilé àkójọ fíìmù ìjọba ní Jọs, tí wọ́n tún un ṣe, tí wọ́n sì fi hàn ní Berlin ní 2018. Ogójì ọdún!

Ọmọ tó ń tún fóònù ṣe ní kí a wá Aiyé sórí ẹ̀rọ kí a lè rí orúkọ náà fúnra wa. A rí ẹ̀dà kan. Ó ṣókùnkùn bí ìgbà tí wọ́n yà á láti inú kànga, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n, wọ́n sì ti gé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, níbi tí orúkọ máa ń wà, sọnù. Bàbá nìkan ló rí i, ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn.

Báábà ti parí irun mi. Mo dìde, mo gbọn aṣọ, mo ń wá owó nínú àpò. Akẹ́kọ̀ọ́ yẹn ṣì di fóònù mú, kò gbójú sókè.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "mẹ́sàn-án yòókù ńkọ́?"

Mo tún padà jókòó. Wọ́n sún fún mi lórí bẹ́ǹṣì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti orí èkínní.