Ewé Tó Ń Dínkù Nínú Ìkòkò Ẹ̀fọ́

Láyé àtijọ́, àsìkò ló ń pinnu ẹ̀fọ́ tí ìdílé máa jẹ. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, tẹ̀tẹ̀ àti gbúre á hù fúnra wọn lẹ́yìnkùlé. Ibi tí iná bá ti jó igbó ni ebòlò ti ń yọrí. Ẹni tó bá lọ sóko kòkó ní Oǹdó tàbí Èkìtì á já wọ̀rọ̀wọ́ lábẹ́ ibòji igi bọ̀ wálé. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn tó dá àkùrọ̀ létí odò nìkan ló ń rí ẹ̀fọ́ tútù tà. Àgbà bọ̀, wọ́n ní òdú kì í ṣe àìmọ̀ olóko. Nígbà yẹn, kì í ṣe àìmọ̀ ọmọ kékeré tí wọ́n rán lọ já a pẹ̀lú.

Lónìí, bí ẹ bá dé Bódìjà n'Ìbàdàn tàbí Mile 12 l'Ékòó, ṣọkọ àti tẹ̀tẹ̀ ló gba iwájú àtẹ. Ẹ̀fọ́ ìròkò tí a bá lọ́wọ́ àwọn Ígbò náà ti di tiwa, ó sì dùn. Òjò ìbáà rọ̀, ọ̀gbẹlẹ̀ ìbáà dá, a ó rí wọn rà. Ìrọ̀rùn ńlá nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ bi ọ̀dọ́ tó ń rà wọ́n bóyá ó mọ yánrin tàbí ògúnmọ̀, ẹ ó rí i pé kò tíì fojú kàn wọ́n rí.

Ewé kọ̀ọ̀kan ló ní bí àwọn ìyá wa ṣe ń ṣe é. Wọ́n á fi iyọ̀ bó ewúro, wọ́n á fọ̀ ọ́ títí ìfófòó rẹ̀ á fi lọ, síbẹ̀ wọ́n á ṣẹ́ ìkorò díẹ̀ kù, torí ibẹ̀ ni adùn rẹ̀ wà. Wọ́n á fi omi gbígbóná bọ ṣọkọ, wọ́n á sì fún un gbẹ. Gbúre ní omi tirẹ̀ lára, nítorí náà ata gbọ́dọ̀ ti gbẹ dáadáa kó tó wọ ìkòkò. Ata tí wọ́n fi ọlọ lọ̀ á dín nínú epo pupa pẹ̀lú ìrú; ẹ̀gúsí tí wọ́n fi àlùbọ́sà pò á tẹ̀ lé e, á sì dì. Ẹ̀fínrín tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já ló ń kẹ́yìn, nígbà tí ìkòkò bá fẹ́ kúrò lórí iná, torí pé bí iná bá pẹ́ lára rẹ̀, òórùn dídùn rẹ̀ á lọ.

   

Ẹ̀rọ ti gba iṣẹ́ ọlọ báyìí, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún máa tẹ̀ba nídìí ọlọ. Ohun tó ń dùn mí ni pé magí àti kọ́rì ti gba ipò ìrú àti ẹ̀fínrín nínú ìkòkò púpọ̀, débi pé ewé yòówù kó wọ ibẹ̀, adùn kan náà ni gbogbo wọn ń ní.

Ẹ wo àwọn ará Bahia ní Brazil. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú kọjá òkun kò bá gbogbo ewé ilé níbẹ̀. Wọ́n mú ewé taioba àti língua-de-vaca, wọ́n fi epo pupa àti edé gbígbẹ sè é, wọ́n fi ẹ̀pà àti kajú mú un ki, efó sì ni wọ́n ń pè é títí dòní. Àwọn tó pàdánù ewé di ọ̀nà ìsè mú. Àwa tí ewé ṣì ń hù lẹ́yìnkùlé wa la ń jẹ́ kó bọ́.

Láti ọdún 1975 ni ilé ìwádìí ìjọba lórí ẹ̀fọ́ àti èso, NIHORT, ti wà n'Ìbàdàn. Irúgbìn ṣe é kó pa mọ́ síbẹ̀. Ọgbọ́n ọwọ́ ẹni tó mọ ìgbà tí fífọ ewúro tó kò ṣe é kó pa mọ́. Àfi kéèyàn dúró tì í nídìí àdògán. Ẹni tí ìyá rẹ̀ àgbà ṣì wà láyé, kó bá wọn dé ẹ̀yìnkùlé ní àkókò òjò, kó ní kí wọ́n fi ewé han òun, kí wọ́n sì jọ sè é.