Ẹni Tí Ó Gbé Kẹ̀kẹ́ Lé Èjìká

Ìwọ tí ń ka ìwé yìí, bí mo bá bi ọ́ léèrè pé èwo ni ó yá jù nínú kí a gun kẹ̀kẹ́ àti kí a fi ẹsẹ̀ rìn, mo mọ̀ pé ìwọ yóò rẹ́rìn-ín, ìwọ yóò sì wí pé ọmọ kékeré pàápàá mọ ìdáhùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n má yára dáhùn. Ọ̀nà ni a kọ́kọ́ ń wò kí a tó dáhùn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Lórí títì ọlọ́dà tí ó tẹ́jú, kẹ̀kẹ́ yá ju ẹsẹ̀ lọ. Nínú ẹrẹ̀ tí ó mu ènìyàn dé ọrùn ẹsẹ̀, ẹni tí ó sọ̀kalẹ̀ tí ó sì gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lé èjìká ni yóò kọ́kọ́ kọjá. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ bá ọ sọ, nítorí pé ayé tí ìwọ ń lọ bá kì í ṣe títì ọlọ́dà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Eré ìdíje kan wà ní òkè òkun tí a gbé kalẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Cyclo-cross ni wọ́n ń pè é. Ní ilẹ̀ Faransé, Daniel Gousseau ṣètò ìdíje rẹ̀ àkọ́kọ́ fún gbogbo orílẹ̀-èdè náà ní ọdún 1902. Ìgbà òtútù ni wọ́n ń ṣe é, nígbà tí òjò àti ìrì dídì bá ti ba ilẹ̀ jẹ́. Àwọn kan rò pé eré ọmọdé ni, àfi ìgbà tí Octave Lapize gba ipò kìn-ín-ní nínú Tour de France ti ọdún 1910, tí ó sì wí pé eré inú ẹrẹ̀ yìí wà lára ohun tí ó fún òun ní agbára. Ní ọdún 1950 ni a ṣe ìdíje àgbáyé rẹ̀ àkọ́kọ́ fún àwọn ọkùnrin ní ìlú Paris, Jean Robic ọmọ Faransé ni ó sì borí. Ní ti àwọn obìnrin, àádọ́ta ọdún gbáko ni wọ́n fi dúró. Ọdún 2000 ni a tó ṣe tiwọn, Hanka Kupfernagel ọmọ Jámánì sì ni ó kọ́kọ́ gba adé náà.

Jẹ́ kí n sọ bí eré náà ti rí fún ọ. Ìyípo kan a máa tó nǹkan bíi kìlómítà mẹ́ta, wọn a sì yí i lọ́pọ̀ ìgbà fún ìwọ̀n wákàtí kan. Fún àwọn tí kì í fi eré náà ṣe iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́, àkókò náà a máa kéré sí i. Koríko wà níbẹ̀, iyanrìn wà níbẹ̀, òkè wà níbẹ̀, a sì ń ri pákó mọ́lẹ̀ lójú ọ̀nà tí gíga rẹ̀ tó ogójì sẹ̀ǹtímítà. Bí ẹni tí ń sáré bá ti ń súnmọ́ pákó, kò gbọdọ̀ dúró kí ó tó sọ̀kalẹ̀. Yóò gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún kọjá lórí ìjókòó nígbà tí kẹ̀kẹ́ ṣì ń lọ, yóò bọ́ sílẹ̀ sí apá òsì, nítorí pé apá ọ̀tún ni ṣéènì wà, yóò gbé e lé èjìká, yóò sáré kọjá, yóò sì tún fò gùn ún. Bí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ bá bàjẹ́ lójú ọ̀nà, yóò gbé e lọ tàbí kí ó tì í títí yóò fi dé ibi tí a yà sọ́tọ̀ fún àtúnṣe. Àwọn baba wa wí pé bí ẹṣin bá dáni, a tún un gùn ni. Wọn kò sọ fún wa pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹlẹ́ṣin yóò gbé ẹṣin náà kọ́ èjìká!

Nígbà tí mo ro ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, mo rí i pé irú ènìyàn mẹ́ta ni ẹrẹ̀ ń fi hàn. Èkíní ni ẹni tí kò fẹ́ sọ̀kalẹ̀ nítorí ìgbéraga. Èkejì ni ẹni tí ó sọ̀kalẹ̀, ṣùgbọ́n tí ó ju kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ tí ó sì gba ilé lọ. Ẹ̀kẹta ni ẹni tí ó sọ̀kalẹ̀ tí ó gbé ẹrù rẹ̀, tí ó sì ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Ẹ̀kẹta yìí nìkan ni ó ní sùúrù.

Má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ òkèèrè nìkan ni mo ń sọ. Ní Sùúrùlérè tí mo ń gbé, a kò ní ìrì dídì, ṣùgbọ́n Ọlọ́run fún wa ní òjò tí ó tó, àwọn gọ́tà wa sì ń ràn án lọ́wọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan nínú oṣù Kẹsàn-án, àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò wa ṣètò irú ìdíje yìí níwọ̀n agbára wọn. Kò sí owó níbẹ̀, kò sí ife-ẹ̀yẹ. Ìyípo márùn-ún ni a ó ṣe: a ó gba òpópónà tí òjò ti sọ di àbàtà, a ó kọjá lórí pákó mẹ́ta, a ó gun òkìtì iyanrìn tí àwọn tí ń kọ́lé kó sí ẹ̀bá ọ̀nà, a ó sì padà. Àwa mẹ́rìnlá ni a jáde. Èmi ni mo dàgbà jù, nítorí mo ti lé ní ogójì ọdún, ìyàwó mi sì ti wá ìpara tí yóò fi wọ́ mi lẹ́sẹ̀ sílẹ̀ kí n tó kúrò nílé.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà láàárín wa tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń dán gbinrin. Ó ti búra pé ẹsẹ̀ òun kò ní í kan ẹrẹ̀. Ní ìyípo kìn-ín-ní ó ṣubú, ní ìkejì ó tún ṣubú, ní ìkẹta ó fi ìbínú ti kẹ̀kẹ́ náà sí ara ògiri, ó sì jókòó. Ṣé o rí i? Ẹni tí kò fẹ́ sọ̀kalẹ̀ rárá ni ó kọ́kọ́ fi eré sílẹ̀.

Ọmọkùnrin kan tún wà tí ń fi kẹ̀kẹ́ ọ̀gá rẹ̀ gbé búrẹ́dì fún àwọn oníbàárà, kẹ̀kẹ́ àtijọ́ tí ó wúwo bí olú ọlọ. Ní ìyípo kẹta, ṣéènì rẹ̀ já. Kò sí ibi àtúnṣe, kò sì sí kẹ̀kẹ́ mìíràn. Ó gbé e lé èjìká, ó sì ń rìn lọ. Ìyá kan tí ń dín àkàrà ní ẹ̀bá ọ̀nà kígbe pé, “Ọmọ mi, ṣé kẹ̀kẹ́ ni ó wá ń gùn ọ́ ni?” Ọmọ náà dáhùn pé, “Ẹ kú iṣẹ́, mà. Láti àárọ̀ ni ó ti ń gbé mi, ó wá kàn mí báyìí láti gbé e.” Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò ní ẹ̀gàn nínú.

Ẹni kẹsàn-án ni mo ṣe. Mo ti fọ ẹsẹ̀ mi, mo sì ti jẹ àkàrà, kí ọmọ náà tó parí ìyípo karùn-ún. Kò sí ẹni tí ó ti lọ sílé. Àtẹ́wọ́ tí a pa fún un ju ti ẹni tí ó ṣe ipò kìn-ín-ní lọ. Nígbà tí mo bi í léèrè ìdí tí kò fi dúró, ó wí pé, “Bàbá, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti ṣe ìdánwò ìwé mẹ́wàá tí n kò yege. Bí mo bá kọ́ ara mi láti máa padà sílé ní ìdajì ọ̀nà, ta ni yóò kọ́ mi ní àṣeparí?” Bí mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, kò tíì ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta, nítorí náà n kò ní í purọ́ fún ọ pé ó ti yege. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ó ti forúkọ sílẹ̀.

Bí o bá fẹ́ ẹ̀rí tí gbogbo ayé rí, rántí Ese Ukpeseraye, ọmọ Nàìjíríà. Ní ìdíje Òlíńpíìkì tí a ṣe ní Paris ní ọdún 2024, eré kẹ̀kẹ́ orí títì ni ó bá lọ. Lẹ́yìn náà ni a sọ fún un pé àyè ti ṣí sílẹ̀ fún un nínú eré inú pápá, èyí tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá, tí kò tilẹ̀ ní bíréèkì. Kò ní irú rẹ̀ lọ́wọ́. Kò sọ pé kò ṣeé ṣe. Ó yá kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ àwọn ará Jámánì, ó sì bọ́ sí pápá. Kò gba àmì-ẹ̀yẹ, ṣùgbọ́n ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí ó yá a ní kẹ̀kẹ́ ní gbangba, a sì rí Nàìjíríà níbi tí a kì bá tí rí i.

Orúkọ àdúgbò wa ń wí pé sùúrù ní èrè. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé sùúrù ni kí a káwọ́ gbera kí a máa retí kí ilẹ̀ gbẹ. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹni tí ó jókòó de ẹrẹ̀ láti gbẹ, òjò mìíràn ni yóò bá a níbẹ̀. Sùúrù tí ó ní èrè a máa ní ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀ àti ẹrù léjìká. Nítorí náà, ọ̀rẹ́ mi, nígbà tí ọ̀nà bá dára, gun kẹ̀kẹ́ rẹ kí o sì sáré. Nígbà tí o bá rí ẹrẹ̀ níwájú, sọ̀kalẹ̀ kí ó tó gbé ọ ṣubú, má sì jẹ́ kí ojú tì ọ́. Ṣùgbọ́n má ju ohun tí ó gbé ọ dé ibẹ̀ sílẹ̀, ìbáà ṣe ìwé rẹ, ìbáà ṣe iṣẹ́ ọwọ́ rẹ, ìbáà ṣe òbí rẹ tí ara wọn ti ń di ara àgbà. Ó ti gbé ọ rí. Bí ó bá kàn ọ́, gbé e.