Sẹ́nsọ̀ Ò Jẹ̀bi

Ọ̀rọ̀ mọ́tò ni mo gbé wá lónìí, ẹ má bínú. Ẹni tí ò ní mọ́tò náà, jọ̀wọ́ kà á, torí ọ̀rọ̀ yìí ò parí sórí mọ́tò.

Ẹ mọ Camry mi, èyí táwọn ará Èkó ń pè ní Muscle. Tòkunbọ̀ ni, ọdún 2008 ni wọ́n ṣe é. Nínú oṣù kejì ọdún yìí, mò ń bọ̀ láti Agége, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí afárá Pen Cinema, mò ń lọ sí Ògbà, ni iná kékeré kan bá tàn níwájú mi: àwòrán ẹ́ńjìnì, pupa rúsúrúsú. Check engine. Mọ́tò ò kú, kò rú èéfín. Mo ní, "Iṣẹ́ ọ̀tá, kúrò lójú mi," mo bá ń wa mọ́tò mi lọ. Ẹ máa rẹ́rìn-ín, ọ̀pọ̀ nínú yín náà ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó yá, tí mo bá dúró nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ọba Akran, ẹ́ńjìnì á máa gbọ̀n. Tí mo bá tẹ̀ ẹ́, á kọ́kọ́ lọ́ra kó tó fà. Ìgbà yẹn ni mo gbé e lọ bá mẹkáníìkì. Ó ki ẹ̀rọ tó ń ka kóòdù bọ ihò kan lábẹ́ sítíárìn. (Amẹ́ríkà ló fi dandan lé e pé látọdún 1996, irú ihò kan náà ni kó wà lára gbogbo mọ́tò tí wọ́n bá ń tà lọ́dọ̀ wọn. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ kékeré téèyàn rà ní Computer Village fi lè ka Toyota, kó ka Honda, kó tún ka Ford.) P0171 ló gbé jáde. Mẹkáníìkì ní, "Dádì, sẹ́nsọ̀ ọ́síjìn yín ti kú."

Mo fún un ní ₦45,000, ó lọ ra òmíràn ní Ládípò. Ó pa kóòdù rẹ́, iná kú. Mo yin Olúwa. Ọjọ́ kẹrin, iná tún tàn. Ó ní sẹ́nsọ̀ ọ̀hún ni ò dáa, ká ra òmíràn. A rà á, iná tún tàn. Ó ní sẹ́nsọ̀ tó ń wọn afẹ́fẹ́ ni. A tún ra ìyẹn. Owó iléèwé àwọn ọmọ ló ń lọ o, ìyàwó mi ti dákẹ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣègbéyàwó mọ irú dídákẹ́ yẹn. Nígbà tó tàn lẹ́ẹ̀kẹrin, ọmọkùnrin náà ní, "Dádì, ẹ jẹ́ ká kúkú fi téèpù dúdú bò ó, kó má máa da yín láàmú." Kí n má purọ́, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà.

Ará àdúgbò kan ló júwe bàbá réwáyà kan fún mi ní Agége. Àlàájì ni, okùn ni wọ́n fi so awò ojú wọn. Wọn ò dárúkọ ohun tí a máa rà rárá. Wọ́n wo ẹ̀rọ wọn pẹ́, wọ́n ní, "Pásítọ̀, kóòdù yìí ò sọ pé sẹ́nsọ̀ bàjẹ́. Ohun tí sẹ́nsọ̀ rí ló ń sọ. Ó ní afẹ́fẹ́ ti pọ̀ ju epo lọ nínú ẹ́ńjìnì. Ẹ yọ ẹlẹ́rìí kúrò, ẹ gbé ẹlẹ́rìí mìíràn síbẹ̀. Ohun kan náà lòun náà rí."

Wọ́n fi hàn mí pé tí mọ́tò bá dúró jẹ́ẹ́, kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń fi epo tó tó 24 nínú ọgọ́rùn-ún kún iye tó yẹ. Tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ kó ké dáadáa, á wálẹ̀ sí 7. Wọ́n ní tí kò bá ti kọjá nǹkan bíi 10, kò burú. Wọ́n na ọwọ́ sábẹ́ rọ́bà ńlá tó gbé afẹ́fẹ́ láti ilé fítà wọ ẹ́ńjìnì, wọ́n tẹ̀ ẹ́ díẹ̀: ó ti ya lábẹ́, níbi tójú ò tó. Afẹ́fẹ́ tó gba ibẹ̀ wọlé kọjá lẹ́yìn sẹ́nsọ̀ tó ń kà á, kò sẹ́ni tó kà á, bẹ́ẹ̀ iye tí wọ́n bá kà ni wọ́n fi ń wọn epo. Èyí tó wà lójú ọ̀nà èéfín ló rí i pé ìṣirò ò dọ́gba, tó sì figbe ta. ₦8,000 ni rọ́bà.

Àlàájì ò sọ pé sẹ́nsọ̀ kì í bàjẹ́ o. Ó ń bàjẹ́. Wáyà inú rẹ̀ ń jó, eku ń jẹ okùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ní kí wọ́n fi mítà yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó fowó sílẹ̀. Tí iná yẹn bá sì ń ṣẹ́jú, tí kì í ṣe pé ó kàn tàn lásán, ẹ rọra dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Epo tí ò jó ló ń lọ sínú ẹsọ́ọ̀sì yẹn, ó sì lè jó kátálísì.

Ọ̀rọ̀ "ẹlẹ́rìí" yẹn ló bá mi délé. Kò tiẹ̀ bá mi délé tán, Ìkẹjà Along ni mo ti páàkì.

Lọ́dún tó kọjá, arábìnrin kan ní ẹ̀ka ìṣúná wa wá bá mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó ní owó dísẹ́ẹ̀lì jẹnẹrétọ̀ àti iye lítà tó ń wọlé ò dọ́gba. Mo ní ẹ̀mí ìyapa ló wà lára rẹ̀. Mo yọ ọ́, mo fi arákùnrin kan síbẹ̀. Kò pé oṣù méjì, arákùnrin náà wá, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, iye kan náà ló kọ sínú ìwé. Mo ní kó lọ gbàdúrà sí i. Èmi tí mo ti wàásù lórí Áhábù àti Mikáyà, ó tó ẹ̀ẹ̀marùn-ún.

Mo pè é látinú mọ́tò. "Ẹ kú iṣẹ́ sà, Dádì." Mo bẹ̀ ẹ́. Mo sọ ohun tí mo ṣe, mi ò fi ẹsẹ Bíbélì kankan bò ó. Ó dákẹ́ títí mo fi rò pé netiwọ́ọ̀kì ti já. Ó wá ní, "Ẹ ṣé sà. Ìwé tí mo kọ gbogbo ẹ̀ sí ṣì wà lọ́wọ́ mi."

Àwa mẹ́ta ti jókòó ti ìwé náà. Ohun tí a rí níbẹ̀, ìjọ ló máa gbọ́ ọ ní ìpàdé àwọn ọmọ ìjọ, kì í ṣe Facebook.

Ọ̀sẹ̀ méje nìyí, iná ò tíì tàn mọ́. Mo ní kí arábìnrin náà padà sí ẹ̀ka ìṣúná. Ó ní òun á ṣì máa jókòó sẹ́yìn ná. Mo ní kò burú.